Ambásádọ̀ àti Ìgò Omi Ohùn

Bí ẹnikẹ́ni bá gba Ṣógúnlé kọjá láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò sì rí ojú Ambásádọ̀ Dókítà Olúbọ̀wálé Abíọ́nà, kí onítọ̀hún tètè lọ bá oníṣègùn ojú. Ojú náà wà lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́, lára ọ̀pá iná, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti ní ibì kan tí mo fi ojú ara mi rí i, lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí Ambásádọ̀ ń ṣe dára. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi gbọ́ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jìnnà sí oògùn olóró. Ta ni yóò bá a jà lórí ìyẹn? Ẹni tó bá ti gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá ní ọ̀sán gangan, tó ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sùn lóòró bí ẹṣin, yóò mọ̀ pé ìkìlọ̀ náà kò pọ̀ jù. Ohun tó pọ̀ jù ni Ambásádọ̀.

Ẹ wo báńà tó fi ń polongo. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ kọ oògùn olóró. Lẹ́tà rẹ̀ kò ju èèrà lọ. Ní igun kan, àwòrán ọmọ kan tó ń sunkún wà níbẹ̀, ó kéré bí òǹtẹ̀ lẹ́tà. Gbogbo àyè tó kù, Ambásádọ̀ ló gbà á: fìlà pupa lórí, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, eyín méjìlélọ́gbọ̀n ní gbangba. Mo kà wọ́n.

Kí ẹ tó pè é, ẹ ní láti mí kanlẹ̀, nítorí oyè rẹ̀ gùn. Ó ní ọkùnrin kan tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, tí yóò gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, tí yóò sì máa kígbe pé: "Ambásádọ̀! Dókítà! Agbọ̀dọ́là! Ajímọ́-bí-omi-òjò! Arẹ́rìn-ín-kí-kámẹ́rà-tó-dé!" Èyí tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo fi kún un. Àwọn tó kù jẹ́ tirẹ̀.

Ní ti oyè dókítà, inú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Okota ni yunifásítì òkè òkun kan ti wá fi dá a lọ́lá, láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Orílẹ̀-èdè tí yunifásítì ọ̀hún wà, Ambásádọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó bá ara mu.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní àkókò tiwa, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Ajé. A ó wo èékánná, a ó wo eyín, a ó béèrè ohun tí ọmọ jẹ àti ẹni tó fún un jẹ. Kò sí ẹni tó lẹ àwòrán ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ògiri. Bí a bá fẹ́ rí i, a ó wo ẹnu géètì ní aago méje àárọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń wà.

Síbẹ̀, n kò ní rẹ́ Ambásádọ̀ jẹ. Nǹkan kan wà tó kọ́ àwọn ọmọ, tó kọ́ ọ kó yé wọn. Ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lọ, yóò na ìgò kan sókè, ìgòkígò, ìbáà jẹ́ ti omi, yóò sì pariwo pé: "Ká tó gbé e mì?" Àwọn ọmọ yóò dáhùn pé: "Ká ka ara ìgò ná!" Yóò tún bi wọ́n pé: "Bí ọ̀rẹ́ bá fún ọ ní oògùn ńkọ́?" Wọn yóò ní: "Má gbà á!" Ó ń ṣe èyí léraléra títí ó fi di pé bí ọmọ Ṣógúnlé bá ti rí ìgò lókè, ẹnu rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi, Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò jẹ́ kí n mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi mọ́ láìjẹ́ pé mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ sí i létí. Mo ń wọ awò, mo ń kà á. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, mo sì kí ẹni tó kọ́ ọ.

Ìgò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò lè ka ara rẹ̀. Inú àpò àyà Ambásádọ̀ ló wà.

Ìgò pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Ó ń pè é ní Omi Ohùn. Ó máa ń mu ún kó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń mu ún láàárín ọ̀rọ̀, ó sì máa ń mu ún bó bá sọ̀rọ̀ tán, torí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ohùn òun ni irinṣẹ́ òun. Ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kò dára lójú kámẹ́rà. Nítorí náà, ó mú ọ̀kan nínú àwọn sítíkà tó ń pín fún àwọn ọmọ, èyí tó ní ojú òun fúnra rẹ̀, ó sì fi bo ìwé náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá gbé e sẹ́nu, Ambásádọ̀ méjì lẹ ó máa wò.

Báyìí ló wà o, títí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Ìsọlọ̀ fi kéde pé àwọn fẹ́ fi bọ́ọ̀sì tuntun ta ẹnikẹ́ni tó ń dáàbò bo ọ̀dọ́ lọ́rẹ, bí ẹni náà bá lè fi ọmọ kan ṣoṣo hàn tó ti gbà là lọ́wọ́ oògùn olóró.

Bọ́ọ̀sì! Ambásádọ̀ kò sùn mọ́. Kí wọ́n tó kéde tán, ó ti lọ bá àwọn tó ń tẹ sítíkà, wọ́n ti tẹ ojú rẹ̀ tó ga ní mítà méjì, èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì. Ohun kan ló kù: ọmọ tí a gbà là. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́tàdínlógún ló ti lọ láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ọmọ kan tó jẹ́wọ́ nǹkan kan fún un ju pé ebi ń pa òun, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn.

Ló bá ra ọ̀pá àyẹ̀wò. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n ń fi sí ẹnu kí ó mu itọ́. Bí ìlà méjì bá yọ lára rẹ̀, ẹni náà mọ́. Bó bá jẹ́ ìlà kan péré, wọ́n ní ọ̀pá ti rí nǹkan. Ó gbé e wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀la ní Ṣógúnlé, níbi tí Tiwátọ́pẹ́ ti ń kàwé, tí èmi náà sì jẹ́ àgbà nínú ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti olùkọ́. Ó yan ọmọ mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ameenat, bá a mú ọ̀pá. Àwọn mẹ́sàn-án mọ́ tónítóní. Ọ̀pá ìkẹwàá kò fi ju ìlà kan hàn.

Fawziyyah ni ìkẹwàá náà, ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, tó mọ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ju ẹni tó ń kọ́ ọ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì. Ìyáàfin Àjíbíkẹ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí aráyé lè kọ sórí ẹ̀rọ ayélujára ń bà á lẹ́rù. Fawziyyah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà, Àjọkẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì. Opó ni, ọmọ yìí nìkan ló sì bí. Ambásádọ̀ wà lórí àga tó dára jù. Inú rẹ̀ ń dùn. N kò rí ẹni tí ìròyìn burúkú dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ nu omijé yín," ló wí. Ìyá Fawziyyah kò sunkún rárá. "Mo ti gba ọmọ yín là."

"Lọ́wọ́ kí ni, sà?"

"Oògùn olóró. Ọ̀pá mi ti sọ̀rọ̀."

"Wọ́n yọ eyín fún mi lọ́jọ́ Sátidé, sà," ni Fawziyyah wí, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́. "Dókítà ló fún mi ní oògùn ìrora. Mo ṣì ń lò ó."

Kó tó sọ ọ́ tán, ìyá rẹ̀ ti tú báàgì. Káàdì ilé ìwòsàn jáde, ìwé tí dókítà kọ jáde, páálí oògùn jáde, eyín fúnra rẹ̀ sì jáde nínú bébà. Nọ́ọ̀sì Ameenat mú páálí náà, ó kà á.

"Kodíìnì wà nínú oògùn yìí, mà," ó sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. "Dókítà ló kọ ọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Ó lè jẹ́ ohun tí ọ̀pá rí nìyẹn. Ọ̀pá kò lè sọ bí nǹkan ṣe dé ẹnu èèyàn."

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn," ni mo fi kún un. "Wọn yóò wò ó dáadáa ju báyìí lọ."

Ambásádọ̀ wò mí bí ẹni wo ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì.

"Bàbá Tíṣà, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé oògùn ni. Gbogbo wọn! Ọ̀pá yìí kì í parọ́. Ẹni tó bá mọ́, ó mọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ èmi alára ni ọ̀pá yìí mú, kí ẹ fọn fèrè lé mi jáde!"

Ó wá sọ ètò rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí, àti alága ẹgbẹ́ oníṣòwò, Fawziyyah yóò jáde síwájú, yóò jẹ́wọ́, òun yóò gbé ọwọ́ lé e léjìká, ayàwòrán yóò sì yà á. Lẹ́yìn náà, ọmọ yóò lo oṣù mẹ́ta ní Ibùdó Ìràpadà òun. Ibùdó náà, mo mọ̀ ọ́n: yàrá méjì ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà ní Okota. Títí òun yóò fi kọ lẹ́tà pé ọmọ ti mọ́, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá.

Ìyá Fawziyyah gbé ọwọ́ lé àyà.

"Oṣù mẹ́ta kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ WAEC, sà! Láti kíláàsì kìíní ló ti ń múra fún un."

"Ìdánwò ń bọ̀ lọ́dọọdún, Màmá," ni Ambásádọ̀ dáhùn. "Irú èmi kì í wá lọ́dọọdún."

Mo yíjú sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. "Ìyáàfin, ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Ìyáàfin Àjíbíkẹ́ ń fọwọ́ ra bírò. "Bàbá Tíṣà, tí a bá kọ̀, tí wọ́n bá wá lọ kọ ọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń fi àwọn tó ń lo oògùn olóró pamọ́ ńkọ́? Ta ni yóò tún mú ọmọ wá?"

Ambásádọ̀ rí i pé òun ti borí. Ó fa Omi Ohùn yọ, ó ṣí i, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń pọ́n ètè lá. Òórùn adùn kan gba inú ọ́fíìsì náà kan. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo rí i tí Ìyá Fawziyyah gbé orí sókè, tó sì wo ìgò náà, tó wo ojú tó ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń mu yẹn, sà?"

"Omi Ohùn mi ni, Màmá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣòdì ló ń bá mi wá a. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ bí ohùn mi ti ń dún?"

"Mo gbọ́ ọ, sà." Ó kó káàdì rẹ̀, ó kó eyín ọmọ rẹ̀, ó sì jáde.

Mo bá a rìn dé títì.

"Bàbá Tíṣà, ṣé ẹ gbóòórùn yẹn?"

"Mo gbóòórùn nǹkan kan tó dùn."

"Àbúrò mi Súbérù fi ọdún méjì gbáko mu ún nínú yàrá tí mò ń sùn. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé mi sí àárín ọjà Òṣòdì, láàárín ẹja yíyan àti epo ọkọ̀, màá dá òórùn yẹn mọ̀. Oògùn ikọ́ tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ níbẹ̀?"

Ó dúró, ó wò mí. "Wọn ò gba káàdì ilé ìwòsàn gbọ́, sà. Ṣé imú mi ni wọ́n máa gbà gbọ́?"

Mo mi orí pé rárá.

"Àwọn náà ní ọ̀pá àwọn kì í parọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó wá sọ̀rọ̀ nígbà náà."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Irínwó ọmọ jókòó lórí bẹ́ńṣì, àwọn òbí dúró lẹ́yìn. Alhaji Ìdrís, alága ẹgbẹ́ oníṣòwò, jókòó níwájú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lórí itan. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, funfun báláú. Ambásádọ̀ ti gbé ojú rẹ̀ oní-mítà-méjì wá, ó ká a bí ẹní, ó fi ti ògiri, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ta sí i.

Fawziyyah jókòó sórí àga kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ̀ títí tí ó fi ń dán. Kò wo ẹnì kankan. Ìwé tó yẹ kó kà jáde wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ambásádọ̀ ló kọ ọ́. Orúkọ Fawziyyah wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ Ambásádọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà mẹ́fà.

Akígbe rẹ̀ kí i, ó kí i, ó tún kí i. Ambásádọ̀ gun pèpéle. Ó kọ́kọ́ gbé Omi Ohùn mì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dá a padà sí àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe kéré tí òun fi mọ́, bí òun ṣe dàgbà tí òun ṣì mọ́, àti bó ṣe dá òun lójú pé òun yóò mọ́ títí. Ó na ọ̀pá àyẹ̀wò sókè.

"Ọ̀pá yìí kì í ṣojúsàájú! Ẹ ó fi ojú yín rí i lónìí!"

Láti ẹ̀yìn, ọwọ́ kan nà sókè. Ìyá Fawziyyah ni. Ó rìn wá sí àárín, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, bí a ti í ṣe fún ẹni ńlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kí ọmọ mi tó jáde, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí kọ́kọ́ rí bí ti ẹni tó mọ́ ṣe ń rí. Ta ló sì tún mọ́ ju ẹ̀yin lọ ní gbogbo Ìsọlọ̀?"

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ pariwo. Ayàwòrán, tí kò mọ nǹkan kan, kígbe pé: "Ìmọ́lẹ̀ dáa níbí gan-an, Ambásádọ̀! Ẹ yíjú sí ọ̀tún díẹ̀!"

Ambásádọ̀ yíjú sí ọ̀tún díẹ̀. Ó ya ẹnu.

Nọ́ọ̀sì Ameenat fi ọ̀pá sí i lẹ́nu, ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ lò lẹ́nu. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, Ambásádọ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Ṣógúnlé, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi ojú rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kí àwọn ọmọ, kámẹ́rà ń dún.

Nọ́ọ̀sì yọ ọ̀pá. Ó dúró kí ìlà yọ. Ó wò ó, ó sún un mọ́ ojú.

"Ìlà kan, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà. Ìlà kan ni."

"Èyí ti bàjẹ́. Mú òmíràn wá!"

Ó mú òmíràn wá. A tún jèrè ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ìlà kan.

Kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ambásádọ̀ gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Ẹ má bẹ̀rù! Ọ̀pá yìí máa ń ṣe àṣìṣe nígbà mìíràn!"

"Ẹ ní kì í parọ́, sà," ni Ìyá Fawziyyah wí. Ó ṣì wà níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Oògùn ni mo mu! Oògùn ọ̀fun lásán!"

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé oògùn ni, sà." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí olùkọ́ létí.

Alhaji Ìdrís fi áńkáṣífù bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn!" ni Ambásádọ̀ ń wí. "Àwọn ni yóò wò ó dáadáa!" Ìmọ̀ràn tèmi tọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. N kò bá a du ún.

Bóyá bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì ń wò ó, kò sì tíì mọ bí a ti í sọ̀kalẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ó fa ìgò yọ láti àpò àyà, ó sì nà án sókè gbọnrangandan kí gbogbo ayé lè rí i.

"Ẹ wò ó! Ohun tí mo mu nìyí! Kí ló burú nínú rẹ̀?"

Ọdún méjì ló fi kọ́ wọn. Ìgò ti wà lókè. Irínwó ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà:

"KÁ KA ARA ÌGÒ NÁ!"

"Ẹ dákẹ́!" Ó mi ìgò náà sí wọn.

"KÁ KA ARA ÌGÒ NÁ!" Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Páànù òrùlé dáhùn. Bó ṣe ń na ìgò sókè sí i láti dá wọn lẹ́kun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rò pé ó ní kí àwọn tún un wí, ọmọ tó gbọ́n ni wọ́n, wọ́n sì ń tún un wí.

Alhaji Ìdrís dìde. "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ dára. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa kà á."

"Ojú wọn ló wà lórí rẹ̀, sà," ni Nọ́ọ̀sì Ameenat wí.

"Ẹ bá wa ṣí ojú wọn kúrò."

Nọ́ọ̀sì gba ìgò. Ó fi èékánná bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà. Iwájú orí ṣí kúrò, ojú méjèèjì tẹ̀lé e, imú tẹ̀lé e. Eyín ló pẹ́ jù; wọ́n di ìgò mú ṣinṣin. Nígbà tó bọ́ tán, sítíkà náà jábọ́ sórí pèpéle, nọ́ọ̀sì sì kà á jáde ketekete: oògùn ikọ́ ni, kodíìnì wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún un.

"Dókítà wo ló kọ ọ́ fún yín, sà?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣòdì..."

Láti bẹ́ńṣì iwájú, ohùn tín-ín-rín kan dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu pé: "Má gbà á!" Tiwátọ́pẹ́ mi ni. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ògiri mú. Ambásádọ̀ wá ibi jókòó, kò rí. Àga kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni èyí tó gbé sílẹ̀ fún ẹni tí yóò jẹ́wọ́. Fawziyyah dìde fún un. Ó jókòó síbẹ̀.

"N kò mọ̀ pé òun nìyẹn," ló wí nígbà tó yá. Kò sí ẹ̀rọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ sì kéré ju bí mo ti rò lọ. "Bí n kò bá ti mu ún láàárọ̀, orí á máa fọ́ mi, ọwọ́ mi á sì máa gbọ̀n. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù."

Níbẹ̀, ẹ̀rín dá. Ìyá Fawziyyah rìn sún mọ́ ọn.

"Bí Súbérù àbúrò mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ibùdó yín o, ilé ìwòsàn gidi. Ó lọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ìsọ̀ mi lónìí tí mo fi ráyè wá síbí."

Ìyáàfin Àjíbíkẹ́ gba ìwé ìjẹ́wọ́ lọ́wọ́ Fawziyyah, ó fà á ya sí méjì, ó tún un fà ya. Ó yíjú sí ọmọ náà.

"Fawziyyah, orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìdánwò. Kò ní kúrò níbẹ̀. Ìyá Fawziyyah, níwájú gbogbo èèyàn ni mo fẹ́ dá ọmọ yín lẹ́bi, níwájú gbogbo èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ yín."

Fawziyyah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ pàápàá sunkún. Alhaji Ìdrís ju kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà sínú àpò agbádá rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Ambásádọ̀ dìde. Ó lọ gbé ojú rẹ̀ oní-mítà-méjì lára ògiri, ó há a sí abíyá, ó sì gba àárín bẹ́ńṣì kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bó ti dé àárín gbọ̀ngàn ni olùkọ́ eré ìdárayá, tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn ju kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, fọn fèrè.

Ìgbà yẹn la rí i. Ó ti tẹ sítíkà tó jábọ́ sórí pèpéle, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà funfun rẹ̀ ti ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀, Ambásádọ̀ kékeré kan á yọjú lábẹ́ bàtà, á rẹ́rìn-ín sí wa pẹ̀lú eyín méjìlélọ́gbọ̀n, á sì tún padà sílẹ̀.

Ayàwòrán, ẹni tí Ambásádọ̀ ti sọ fún pé kó má ṣe jẹ́ kí ìṣísẹ̀ òun kankan fò ó, yà á. Nínú gbogbo àwòrán Ambásádọ̀ tí mo ti rí ní Ṣógúnlé, òun nìkan ni àwọn òbí fẹnu ara wọn béèrè fún.